Òrùka Alágbo: Ká Ra Èyí Tó Wà Nílẹ̀ ni, àbí Ká Ní Kí Wọ́n Ṣe Tiwa?

Àbúrò mi obìnrin ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ Sátidé kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jà Atákúnmọ̀sà, kò tíì kí mi tán tó ti na fóònù sí mi lójú. Àwòrán òrùka ló wà níbẹ̀: òkúta pupa kan jókòó láàárín, òkúta funfun kéékèèké wá tò yí i ká bí aláṣọ ẹbí ṣe ń yí ìyàwó ká lórí ijó. "Àǹtí mi, irú eléyìí ni mo fẹ́. Oṣù tó ń bọ̀ la máa pé ọdún 25 tí a ti ṣègbéyàwó." Mo ní kò burú, irú ẹ̀ mẹ́ta wà nínú àpótí, kó jókòó kó máa yàn. Kò jókòó. Ó tú etí ìró ẹ̀, ó yọ bébà kékeré kan tí wọ́n ká bí ìgbà tí wọ́n di àgúnmu. Òkúta kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó pupa bíi zóbò tí wọ́n bu omi là. Ó ní Òjóò n'Íbàdàn lòun ti rà á, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òkúta iyebíye níbẹ̀, pé ó ti tó ọdún méjì tó ti wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ òun.

Mo ní, "O ò bá tètè sọ. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn."

Mo fẹ́ kọ ohun tí mo bá a sọ lọ́jọ́ náà sílẹ̀, torí kò sí oṣù kan tí ẹnì kan kì í bi mí ní ìbéèrè yìí. Bàbá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, alágbẹ̀dẹ góòlù ni wọ́n ní Ìṣọ́kùn, níbí nílùú Iléṣà. Lábẹ́ tábìlì wọn ni mo ti kọ́ ìyàtọ̀ tó wà láàárín góòlù kárátì 18 àti 14, ìyẹn bí góòlù gidi inú wọn ṣe pọ̀ tó. A kì í gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn dànù. Inú ike ńlá kan la máa ń kó o sí, nítorí ìyẹ̀fun góòlù tó ń bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi ayùn họ òrùka wà nínú ẹ̀. Lọ́dún kan, ilẹ̀ gbígbá yẹn ló san owó ìdánwò mi. Èmi fúnra mi ò jókòó ti iná. Mo lọ ń ta èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é ni wọ́n bí mi sí, ibi tí wọ́n ti ń tà á ni mo ti ń jẹun, nítorí náà ẹ má retí kí n gbè sẹ́yìn ẹnì kankan.

Òyìnbó ń pe irú òrùka yìí ní halo. Òrùka alágbo ni èmi máa ń pè é, torí pé òkúta kéékèèké ló pagbo yí ńlá kan ká. Kì í ṣe ti ìyá alágbo jẹ̀díjẹ̀dí o! Iṣẹ́ méjì ni agbo yẹn ń ṣe: ó ń jẹ́ kí òkúta àárín tóbi lójú ju bó ṣe jẹ́ lọ, ó sì ń gba ìkọlù fún etí ẹ̀. Ìkẹta, tí oníṣòwò kì í sọ, ni pé ibẹ̀ ni òrùka ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí òkúta pinnu

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ni pé, "Ṣé ẹ ní òkúta lọ́wọ́?" Bí wọ́n bá ní rárá, tí ìka wọn ò ní wàhálà, tí àyẹyẹ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò ní fi àkókò wọn ṣòfò: kí wọ́n ra èyí tó wà nílẹ̀. Wọ́n rí i lójú, wọ́n wọ̀ ọ́ wò, wọ́n mọ iye tí wọ́n máa san, wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ náà. Kò sí pé "mo rò pé báyìí kọ́ ló máa rí."

Bí wọ́n bá ní òkúta, kálípà bàbá mi, irin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké, ni mo máa nawọ́ sí. Òrùka tí wọ́n ń kó wá láti Ítálì, Dúbáì tàbí Ṣáínà, ìwọ̀n òkúta ojú wọn kò pọ̀: èyí tó rí róbótó á jẹ́ mìlímítà 5, 6 tàbí 6.5, èyí tó rí bí ẹyin á jẹ́ 7 sí 5 tàbí 8 sí 6. Ìwọ̀n yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe ìtẹ́ tí òkúta ń jókòó sí. Òkúta ilẹ̀ wa tí wọ́n fi ọwọ́ gé kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gé e kò fẹ́ kí nǹkan kan ṣòfò lára ẹ̀; bí òkúta bá ṣe gbà ni yóò ṣe gé e.

Mo wọn ti àbúrò mi: mìlímítà 8.4 ní gígùn, 6.7 ní fífẹ̀. Ìtẹ́ 8 sí 6 kò gbà á, àfi ká tún un gé, ká fi òkúta tó ti fowó rà ṣe ìyẹ̀fun. Ìtẹ́ 9 sí 7 fẹ̀ jù fún un, yóò máa mì nínú ẹ̀ bí ọmọdé tó wọ bàtà bàbá ẹ̀. Nítorí náà, òrùka mẹ́ta tó wà nínú àpótí mi, bí mo tilẹ̀ fẹ́ tà, kò sí èyí tó kan òkúta yìí. Kí wọ́n ṣe é ló kù.

Ẹ tún bi òkúta yín léèrè bó ṣe le tó. Òṣùwọ̀n kan wà fún un tí wọ́n ń pè ní Mohs, ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 títí dé 10. Dáyámọ́ńdì ni 10, sapphire àti ruby 9, topaz 8, amethyst 7. Eruku ọyẹ́ tí à ń nù lórí tábìlì láràárọ̀, iyanrìn wà nínú ẹ̀, ohun kan náà sì ni iyanrìn yẹn àti amethyst fi ṣe ara. Òkúta tí kò bá le tó 7, eruku lásán á máa họ ọ́ lára títí tí kò fi ní dán mọ́. Opal àti péálì, ẹ fi wọ́n sí yẹtí. Ti àbúrò mi, tourmaline ni, láàárín 7 sí 7.5 ló wà, agbo sì dára fún irú wọn nítorí etí wọn. Ilẹ̀ Yorùbá níbí náà ni wọ́n ti ń wà á: ní 1998, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n kan èyí tó pupa, tí wọ́n ń pè ní rubellite, òkìkí ẹ̀ sì kàn dé òkè òkun.

Bí ẹ bá fẹ́ ra èyí tó wà nílẹ̀

Agbo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta àárín á máa pè yín, ẹ má dá a lóhùn ná.

Mo fi ara mi kọ́gbọ́n. Lọ́dún tí mo pé 40, mo ra òrùka alágbo fún ara mi lọ́wọ́ ọ̀gá kan tí mo máa ń ra ọjà lọ́dọ̀ ẹ̀ l'Ékòó. Òkúta búlúù, funfun yí i ká, ẹni tó bá rí i á dúró wò ó. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin, ọjọ́ Sọ́ńdè kan, mo gúnyán. Ẹ mọ àwa Ìjẹ̀ṣà, bí a ò bá tíì jẹ iyán, a ò tíì jẹun. Mi ò bọ́ òrùka náà kí n tó máa ki iyán. Ọkọ mi ń mú òkèlè kẹta lọ, eyín wọn dún "kà!" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ṣé iyanrìn lẹ pò mọ́ iyán tòní ni?" Wọ́n tu nǹkan funfun kan sọ́wọ́ tí kò ju orí píìnì lọ. Mo wo ìka mi: ihò kan ti là nínú agbo.

Mo gbé e lọ bá bàbá mi. Wọ́n fi awò tí wọ́n fi ń wo nǹkan tín-tìn-tín sójú, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n fi tọ́ òkúta kejì, ó yọ. Wọ́n tọ́ ìkẹta, òun náà yọ. "Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́," ni wọ́n wí. "Gbogbo èékánná góòlù tí ò ń wò lára òkúta yìí, ti ojú ayé ni. Kò di nǹkan kan mú." Èmi tí mò ń tajà, tí mo jẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ! Ojú tì mí.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn òrùka ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ dojú ẹ̀ dé. Ó yẹ kí ihò kékeré wà lẹ́yìn òkúta kọ̀ọ̀kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé, kí omi ọṣẹ náà sì lè gba ibẹ̀ jáde. Bí ẹ̀yìn bá dí pátápátá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi bébà dídán sẹ́yìn òkúta kó lè máa tàn. Omi ìfọwọ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan, bébà náà á ṣú, òkúta á di dúdú.

Ẹ wá yí i síwájú. Èékánná góòlù tó di òkúta kọ̀ọ̀kan mú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òkúta náà lórí, kó má kàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ ra awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10, kò wọ́n, kò sì tóbi ju ọmọ-ìka lọ. Ẹ má tijú láti yọ ọ́ níwájú olùtajà. Lẹ́yìn náà, ẹ mú òwú ìtọ́jú egbò, ẹ fi nu ojú òrùka lọ bọ̀. Bí òwú bá so mọ́ ibì kan, èékánná kan ti yọ orí síta níbẹ̀; lọ́jọ́ òde, léèsì yín ni yóò so mọ́. Ẹ gbé e sétí, ẹ fi èékánná ọwọ́ yín ta á pẹ́pẹ́. Bó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, òkúta kan ti ń mì. Ẹ gbé e padà sínú àpótí ẹ̀, ẹ kí olùtajà pé ó dàbọ̀.

Òǹtẹ̀ wà nínú òrùka. Nínú ìdá 1000 ni ẹ máa kà á: 750 ni kárátì 18, 585 ni 14, 375 ni 9. Bí ẹ bá rí 925 nínú òrùka tó ń dán bíi góòlù, fàdákà ni, wọ́n kàn rì í sínú omi góòlù ni. Kò burú bí owó fàdákà lẹ bá san. Àmọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ní irin òǹtẹ̀ lè tẹ ohun tó bá wù ú, nítorí náà bàbá mi kì í gba òǹtẹ̀ gbọ́. Wọ́n á fi òrùka fa ilà lórí òkúta dúdú kan, wọ́n á kán ásíìdì lé ilà náà, wọ́n á sì máa wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó ń purọ́. Èyí tí kì í ṣe góòlù, ilà ẹ̀ á pòórá.

Ọ̀pọ̀ rò pé bí kárátì bá ṣe ga tó ni òrùka ṣe dára tó. Góòlù tí àwọn Alhaja ń mú bọ̀ láti Sáúdí, kárátì 21 ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, 875. Fún ẹ̀gbà ọrùn àti ẹ̀gbà ọwọ́, kò sí ohun tó dà bí i. Fún èékánná tín-tìn-tín tó fẹ́ di ogún òkúta mú, ó rọ̀ jù. Ẹ kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti tẹ̀. Kárátì 18 ni mo fẹ́ràn, 14 náà sì dáa.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ni jẹ jù. Iye góòlù ń yí lójoojúmọ́, mi ò ní dárúkọ iye kankan níbí kó má di irọ́ lọ́la. Ìṣirò ni kí ẹ mọ̀. Òrùka gíráàmù 4 tó jẹ́ kárátì 18, góòlù gidi inú ẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3. Bó bá jẹ́ 14 ni, kò ju 2.34 lọ. Ẹ wo iye gíráàmù kan góòlù gidi láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ fi ṣe ìlọ́po, ohun tó bá lé lórí ẹ̀ ni owó iṣẹ́, owó òkúta àti èrè. Ẹ wá bi olùtajà bóyá ó yọ ìwọ̀n òkúta kúrò. Kárátì òkúta yàtọ̀ sí ti góòlù, ìwọ̀n ni: kárátì 5 òkúta ni gíráàmù 1. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí à ń ta á, ká má purọ́, a máa ń gbé òrùka tòun ti òkúta sórí òṣùwọ̀n, a ó sì gba owó góòlù lórí gbogbo ẹ̀. Òkúta kárátì kan àbọ̀ jẹ́ gíráàmù 0.3. Ẹ ti san owó òkúta, ẹ tún ń san án bíi góòlù lẹ́ẹ̀kejì.

Ìka náà ńkọ́? Ẹ má wọn ìka láàárọ̀ kùtù ọyẹ́, ó máa ń tín-ín-rín nígbà náà. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa. Okùn tí wọ́n máa ń yí sí ìka máa ń tan ni jẹ. Ẹ mú òrùka tó bá yín mu tẹ́lẹ̀, ẹ fi rúlà wọn inú ẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Mìlímítà 17.3 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 7. Bí òkúta bá tò kúrò lójú òrùka lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ ra èyí tó bá yín mu gan-an, torí bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ tàbí tí wọ́n dín in kù, ara ẹ̀ á tẹ̀ yàtọ̀, òkúta á sì máa bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣe é

Bàbá mi ti lọ, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ṣì ń jó góòlù nítòsí Òkèsà. Ibẹ̀ ni mo mú àbúrò mi lọ.

Kí a tó fi òkúta lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, mo ní kí a yà á ní fọ́tò lórí bébà tí a ti fa ìlà mìlímítà sí. A gbé e sórí òṣùwọ̀n: kárátì 1.5. Mo wá fi awò wò ó dáadáa. Ilà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kan, ó tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú, ó tẹ̀ díẹ̀ lórí. Mo yà á sínú ìwé, mo sì ní kí alágbẹ̀dẹ náà wò ó, kó fọwọ́ sí i. Ilà yẹn ni ilà ojú òkúta yín. Ìjọra òkúta pọ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá ń gba òrùka, ilà náà ni yóò sọ fún yín pé òkúta yín nìyí, á sì gba alágbẹ̀dẹ lọ́wọ́ ẹ̀sùn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àbúrò mi ní ohun mìíràn lọ́kàn. Ó yọ yẹtí Ìyá wa, ó ní kí wọ́n yọ́ ọ fi ṣe òrùka náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òrùka mọ́, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo ní, "Ṣé o ti bi Ẹ̀gbọ́n?" Kò dáhùn. Góòlù àtijọ́ ṣeé lò o, bí gbogbo ẹbí bá gbà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, torí ibi tí wọ́n ti jó yẹtí pọ̀ máa ń ní góòlù tí kárátì ẹ̀ kéré. Bí wọ́n bá yọ́ gbogbo ẹ̀ pọ̀, ohun tí ẹ pè ní 18 lè já sí 16. Ẹ dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ọ. Ẹ wọ̀n ọ́n kó tó wọ iná, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó bá jáde. A pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan yẹtí Ìyá àwọn, kó má wá sílé ní Kérésìmesì. A dì í padà.

Ẹlòmíràn á ní, Iléṣà ni wá, góòlù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kí ló dé tí a fi ń ra ti Dúbáì? Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wà á ní apá Ìpéríndó àti Ìtagúnmodi, ní 2021 sì ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ góòlù jáde ní ibùdó ìwakùsà Sẹ̀gilọlá. Àmọ́ bí ẹnì kan bá yọ góòlù inú ẹrẹ̀ jáde lápò lálẹ́ pé kí ẹ wá rà á, ẹ kọ̀. Fàdákà máa ń wà nínú góòlù tó wá láti inú ilẹ̀, ẹ ò sì lè fi ojú mọ iye tó jẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti 2007 sọ pé ẹni tó ń wà á àti ẹni tó ń rà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ wá góòlù, kí ẹ̀yin yẹ̀ ẹ́ wò.

A wá yàwòrán. Òkúta 8.4 sí 6.7, bí ẹ bá fẹ́ fi òkúta mìlímítà 1.3 yí i ká, nǹkan bí 20 ni yóò gbà, ojú òrùka náà á sì fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12 sí 10. Àbúrò mi rò pé kékeré ni, àfìgbà tí mo gé bébà ní ìwọ̀n yẹn tí mo fi lé e níka. Dáyámọ́ńdì mìlímítà 1.3 kan jẹ́ nǹkan bíi kárátì 0.01, ogún ẹ̀ á jẹ́ 0.2. Ó náwó, àmọ́ ó ń pẹ́. Èyí tí à ń pè ní sákónì lọ́jà, tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, máa ń dán dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ojú ẹ̀ á rà. Àbúrò mi mú sapphire funfun. Èmi náà ì bá mú un.

Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Wọ́n gbẹ́ òrùka náà pẹ̀lú ìda, wọ́n á fi nǹkan bíi simẹ́ńtì bò ó, iná á yọ́ ìda náà jáde, góòlù á gba àyè ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ àjèjì sí wa. Àwọn ère orí tí wọ́n hú ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1938, ọgbọ́n ìda yìí náà ni àwọn baba wa fi rọ wọ́n. Ohun tó ṣe pàtàkì fún yín ni pé kí ẹ rí ìda kó tó di góòlù. Àbúrò mi fi tiẹ̀ lé ìka, ó na ọwọ́ síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó ní ó ga jù, yóò máa fa léèsì òun. Alágbẹ̀dẹ mú ọ̀bẹ, ó gé mìlímítà kan kúrò nísàlẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí. Ká ní góòlù ni, owó iṣẹ́ méjì là bá san. Ọjọ́ náà náà ni kí ẹ mú òrùka ìgbéyàwó yín dání, kí ẹ wò ó bóyá méjèèjì á lè jókòó síra wọn. Òrùka alágbo tí ojú ẹ̀ bá wálẹ̀ jù máa ń ti èkejì dànù.

Oríkèé ìka àbúrò mi tóbi ju ìdí ìka ẹ̀ lọ. Òrùka tó bá gba oríkèé kọjá á máa yí kiri nísàlẹ̀, òkúta á dojú kọ àtẹ́lẹwọ́. Bàbá mi máa ń fi góòlù róbótó méjì bí ilẹ̀kẹ̀ sí inú òrùka nísàlẹ̀, kó lè di ìka mú. A ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Òrùka tó wà nílẹ̀ kì í ní irú nǹkan yìí.

Iná kọ́kọ́, òkúta lẹ́yìn. Ẹ sọ ọ́ létí alágbẹ̀dẹ, kó tún un sọ fún yín. Oníbàárà mi kan gbé emerald lọ fún ẹnì kan kí n tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi góòlù kún ẹsẹ̀ òrùka, wọn ò yọ òkúta náà kúrò. Ó gbé e wá fún mi nínú aṣọ ìnujú, ó là sí méjì. Emerald sábà máa ń ní òróró nínú àwọn ojú ibi tó ti sán, iná sì ni ọ̀tá ẹ̀. Tourmaline náà ò fẹ́ iná. Sapphire àti dáyámọ́ńdì lè fara dà á díẹ̀, mi ò ní fi tèmi dánwò.

Owó àsansílẹ̀, ìdajì ni kó mọ. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n òkúta, kárátì góòlù, iye òkúta agbo, owó iṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa jáde sínú rìsíìtì. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí òkúta agbo kan bá bọ́ láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn ni yóò fi òmíràn sí i. Ọjọ́ tó máa jáde, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kún un lọ́kàn yín. Àwọn baba wa Òṣómàáló mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ra aṣọ láwìn. Lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin lẹ máa lóṣòó.

Lọ́jọ́ tí a lọ gbà á, ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣe gbogbo ohun tí mo ti sọ lókè: ẹ̀yìn, òwú, etí, òṣùwọ̀n. Mo wá ilà tó dà bí irun ìpéǹpéjú, mo rí i. Wọ́n ti yí òkúta náà kí ilà lè bọ́ sábẹ́ èékánná kan, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ò lè rí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ náà.

Ìtọ́jú ẹ̀ kò pọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀. Inú abọ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Jíìkì ń ba góòlù jẹ́, ẹ bọ́ òrùka kí ẹ tó fọ aṣọ funfun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ tún fi òwú nù ún. Ẹ sì bọ́ ọ kí ẹ tó gúnyán.

Àbúrò mi wọ̀ ọ́ lọ síbi àyẹyẹ náà pẹ̀lú léèsì, kò so mọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ajé ó tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun fẹ́ yẹtí tó bá a mu, òkúta pupa kan náà, méjì. Mo ní kó padà sí Òjóò, kó lọ wá òkúta méjì tí àwọ̀ wọn bára dọ́gba, tí wọ́n sì tóbi bákan náà. Ó ti lọ ẹ̀ẹ̀mejì báyìí. Kò tíì rí i.